Ilé Tí Wọ́n Ti Pe Ọlọ́hun Rí

Láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, bí àdúgbò bá kọ́ mọ́ṣáláṣí tuntun, ìbéèrè kan a máa tẹ̀lé e: kí ni kí á fi ràtíbì àtijọ́ ṣe? Àwọn kan a ní kí á kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ kí owó lè máa wọlé. Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀ràn yìí ti rí níbòmíràn.

Ilé kan wà ní Brick Lane ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn Nàsárà tí wọ́n sá fún inúnibíni ní ilẹ̀ Faransé ló kọ́ ọ ní 1743. Ní 1819 ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ní 1898 àwọn Yáhúdí sọ ọ́ di sínágọ́gù, èyíinì ni ilé ìjọsìn wọn. Nígbà tí àwọn náà ṣí kúrò ní àdúgbò, àwọn Mùsùlùmí Bangladesh gbà á, ó sì di mọ́ṣáláṣí ní 1976. Bí àwọn kan ti ń kó lọ ni àwọn mìíràn ń wọlé.

Ti Jámánì yàtọ̀. Ní òru ọjọ́ 9 mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1938, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Hitler sun sínágọ́gù tó lé ní 1,000, tàbí kí wọ́n bà wọ́n jẹ́. Wọ́n pa àwọn tó ń jọ́sìn níbẹ̀, àwọn yòókù sá lọ. Lẹ́yìn ogun, wọ́n fi àwọn tó ṣẹ́kù ṣe àká, wọ́n fi òmíràn ṣe ilé gbígbé. Ti ìlú Essen di ibi àfihàn ọjà ilé-iṣẹ́ ní 1961. Ní 1980 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ibi ìrántí àwọn tó ni ín.

Nínú Súrátùl-Hájì, áàyà 40, Ọlọ́hun ka ṣọ́ọ̀ṣì àti sínágọ́gù pọ̀ mọ́ mọ́ṣáláṣí, pé a ń dárúkọ Òun níbẹ̀. Ìtàn sì sọ pé Sàyídínà Úmárù kọ̀ láti kírun nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Jẹrúsálẹ́mù, kí àwọn Mùsùlùmí má baà torí ìrun òun gba ilé náà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ilé lè pààrọ̀ ọwọ́, kò burú. Ẹ̀tọ́ àwọn tó ni ín ni kò gbọdọ̀ di títẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Ẹni tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ràtíbì ti kú, kò lè bá wa jiyàn. Wákàfù ni ilẹ̀ náà, ohun tí a yọ sọ́tọ̀ fún Ọlọ́hun. Nínú ìlànà Ìmáàmù Máálíkì tí à ń tẹ̀lé, ilẹ̀ wákàfù kò ṣeé tà bí ó tilẹ̀ di àlàpà, àyàfi fún irú ohun bíi fífẹ mọ́ṣáláṣí, ọ̀nà tàbí itẹ́ òkú. Nínú ti Ìmáàmù Àhúmádù, bí kò bá wúlò mọ́, a lè tà á kí á fi owó rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ níbòmíràn. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó ní kí owó wọ àpò ẹnikẹ́ni.

Ní èrò tiwa, kí á kọ́kọ́ bi àwọn àfáà àti ẹbí ẹni tó yọ̀ǹda ilẹ̀ náà. Bí wọ́n bá gbà, kí á fi ṣe ilé kéwú, kí á sì kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Àwa náà yóò lọ, àwọn ọmọ wa ni yóò sì pinnu lórí èyí tí à ń kọ́ lónìí. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Kí Ọlọ́hun fi ọ̀nà tó tọ́ hàn wá. Àmín.