TA NI KÍ Ó YÀ FÚN TA NI NÍ ORÍTA?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá yìí lè má tóbi lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni nínú yín tí kò gba oríta kan kọjá kí ó tó dé ibí, ẹ ó sì tún gbà á padà sílé. Ìbéèrè wa ni èyí: bí ẹni méjì bá pàdé ní oríta, tí àwọn méjèèjì ń kánjú, ta ni ó yẹ kí ó yà fún ẹnìkejì? Ǹjẹ́ ẹni tí ó yà ha jẹ́ òmùgọ̀ bí?

Ní ayé àwọn bàbá wa, kò sí ìjà púpọ̀ lórí èyí. Ní ọ̀nà oko, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ni í yà sínú koríko fún ẹni tí ó ru ẹrù. Aláàárù á ké pé, "Àgò o! Ẹ yàgò lọ́nà!" Ìbáà ṣe ọmọ kékeré ni, àgbà á yà fún un, kò sì sí ẹni tí yóò ní ọmọ náà rí àgbà fín. Ẹrù ni wọ́n ń yà fún, kì í ṣe ọjọ́ orí. Mọ́tò ni ó da ọ̀rọ̀ rú. Nínú mọ́tò, a kì í rí ojú ara wa dáadáa. Irin nìkan ni a ń rí, ẹni tí irin tirẹ̀ bá sì tóbi a máa rò pé òun ni àgbà.

Òfin ti dá sí i. Láti ọjọ́ 2 oṣù April ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń gba apá ọ̀tún títì. Nítorí náà, bí o bá dé ráńdabáòtù, apá òsì rẹ ni ẹni tí ó ti wà nínú rẹ̀ yóò ti yọ sí ọ. Dúró fún un. (Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ti Lọ́ńdọ̀nù wá, ọ̀tún ni ẹ ń wò lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i bí ẹ bá yá mọ́tò wà níhìn-ín.) Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kan: òfin ń sọ ẹni tí ó gbọ́dọ̀ dúró, kò sọ pé kí ẹnìkejì fi agbára gba ọ̀nà. Ìwé òfin ojú pópó ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé ìwé náà kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ ọ̀nà lábẹ́ ipòkípò. Ìgbà tí ó yẹ kí o yà fún ẹlòmíràn ni ó ń kọ́ ọ. Òkú tí ó jàre kò ṣọ̀wọ́n ní ilé ìgbókùúsí.

Àwọn kan yóò ní, "Akọ̀wé, ó dájú pé ẹ kì í wa mọ́tò l'Ékòó. Bí ẹ bá yà fún dánfó kan, mẹ́wàá ni yóò tẹ̀lé e." Òótọ́ ni. Ẹ wo ọjọ́ tí iná oríta bá kú, tí kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀. Kálukú á ti imú ọkọ̀ bọ àárín. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jèrè kò ju gígùn ọkọ̀ kan lọ, ohun tí gbogbo wọn pàdánù lè tó wákàtí kan, aboyún tí ó ń rọbí sì lè wà láàárín wọn. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dúró ni wọn yóò fun fèrè mọ́, tí wọn yóò pè ní dìndìnrìn. Àwa kò sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n bí ibi tí o ń lọ kò bá tíì ṣí, kí ni o fẹ́ lọ ṣe ní àárín oríta? Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988 kò lè dúró sí gbogbo oríta. Ẹnì kan ni yóò kọ́kọ́ dúró, ó sì máa ń rọrùn fún ẹnìkejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù nìyí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Oore kan wà tí í pa ènìyàn. Ká ní dẹ́rẹ́bà oníwà pẹ̀lẹ́ kan rí ọmọ iléèwé tí ó fẹ́ sọdá títì. Ó dúró, ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí i pé, "Máa bọ̀, máa bọ̀." Ọmọ gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu, ó sáré. Ọlọ́kadà tí ó ń yọ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà kò rí ọmọ, ọmọ kò sì rí i, nítorí ọkọ̀ dí wọn lójú. Ẹni tí ó ń sá eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan ń rìn tó mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, kí a tó ké "Jésù!" ó ti dé ibẹ̀. Ta ni ó jẹ̀bi? Ọlọ́kadà jẹ̀bi; kò yẹ kí ó sáré kọjá lára ọkọ̀ tí ó dúró bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó juwọ́ náà ní tirẹ̀ níbẹ̀. Àyè tirẹ̀ nìkan ni ó ní láti fi tọrẹ. Àyè tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó fi ta ọmọ ọlọ́mọ lọ́rẹ. Dúró fún ẹni tí ó ń sọdá, kí o dúró pátápátá, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọwọ́ rẹ wà lórí sítíárì, kí onítọ̀hún fi ojú ara rẹ̀ wo ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, kí àgbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mú un lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ẹrù. Ta ni ó ru ẹrù lónìí? Táńkà tí ó gbé 33,000 lítà epo ru ẹrù. Kò lè dúró lójijì, nítorí náà a kì í já sí i níwájú. Ẹlẹ́sẹ̀ tí a rò pé ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ara rẹ̀ ni ó rù, kò sì ní irin kankan tí yóò bò ó. Ábúráhámù lè pàṣẹ fún Lọ́ọ̀tì, ọmọ arákùnrin rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí ó kọ́kọ́ mú apá tí ó wù ú. Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó yà.

Ní ti ìwọ́de wa, a ó gba oríta ọjà kọjá. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa dá ọkọ̀ dúró má ṣe fi igi lu mọ́tò ẹnikẹ́ni. Apá kan títì ni kí gbogbo wa gbà, kí apá kejì ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá sì gbọ́ fèrè ọkọ̀ tí ó gbé aláìsàn, kí onílù dá ìlù dúró, kí akọrin dákẹ́, kí gbogbo aláṣọ funfun yà sí ẹ̀bá ọ̀nà títí yóò fi kọjá. Lẹ́yìn náà ni kí a tó tún gbé orin.