Ǹjẹ́ Ìmọ́lẹ̀ Wa Jẹ́ Tiwa Nìkan?

Láti kékeré ni a ti kọ́ wa pé ìmọ́lẹ̀ dára, òkùnkùn kò dára. Àwa tí a fi àtùpà elépo kàwé nígbà èwe wa kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń wá òkùnkùn kiri bí ẹni ń wá omi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn mú kí a bi ara wa pé: bí a bá tan iná sí àgbàlá wa, ǹjẹ́ a lè fi ṣẹ aládùúgbò wa?

Òkè kan wà ní Kalifóníà tí ń jẹ́ Mount Pinos, gíga rẹ̀ ju 8,800 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ní alẹ́ tí kò sí òṣùpá, tọkùnrin tobìnrin máa ń wakọ̀ láti ìhà Los Angeles lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ó wà nítòsí orí òkè náà. Kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, ẹnikẹ́ni kò sì san kọ́bọ̀ fún wọn. Awò ńlá tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń gbé lọ, wọ́n sì ń fi í wá gálásì, èyíinì ni agbo ìràwọ̀ tí kò lóǹkà, tí ó jìnnà débi pé kò hàn ju èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Kì í ṣe àgùàlà tí ń bá oṣù rìn o! Andromeda, tí a lè pè ní aládùúgbò wa nínú wọn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rin ìrìn ọdún bíi mílíọ̀nù 2.5 kí ó tó dé ojú wọn.

Ó tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí òkùnkùn tó mọ́ ojú ènìyàn lára. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì tan iná ọkọ̀, gbogbo wọn ni yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà iná pupa bàìbàì ni wọ́n fi ń wo ìwé. Wọn kì í sì í tẹjú mọ́ gálásì tí kò hàn dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò, nígbà náà ni yóò yọ sí wọn. (Àwa tí a ti ṣe olùkọ́ mọ àwọn ọmọ tí ó rí bẹ́ẹ̀: bí o bá tẹjú mọ́ wọn, wọn kò ní la ẹnu.)

Kí ni ó lé wọn dé orí òkè? Iná ìlú ni. Mount Wilson, tí ó wà lókè Los Angeles gan-an, ni Edwin Hubble wà ní 1923 nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó fi hàn pé Andromeda kò sí nínú agbo ìràwọ̀ tiwa. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí wọ́n dín iná ìlú kù, Walter Baade rí àwọn ìràwọ̀ àárín gbùngbùn Andromeda lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí. Ogun parí, iná padà, ó sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, ilẹ̀ mì tìtì ní Los Angeles kí ilẹ̀ tó mọ́, iná sì kú. Àwọn ará ìlú ń tẹ Griffith Observatory láago, wọ́n ń béèrè ohun àjèjì tí àwọn rí lójú ọ̀run. Ìràwọ̀ ni! Ẹ wo àgbàlagbà tí kò mọ ohun tí ó wà lókè orí rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti bí i. Ta ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Kò sí olè kankan. Olúkúlùkù kàn tan iná tirẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tí a lè nàka sí.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, kí ni gálásì já mọ́ lójú ẹni tí ń bẹ̀rù olè? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àwa obìnrin mọ ohun tí iná ojú pópó ń ṣe fún ọmọbìnrin tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́, a kò sì ní sọ pé kí wọ́n pa á. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ọmọ náà ń rìn. Iná tí ń tàn sójú ọ̀run kò ràn án lọ́wọ́. Ìlú Flagstaff ní Arizona ti rí èyí láti 1958, nígbà tí wọ́n ṣòfin lórí àwọn iná ńlá tí àwọn oníṣòwò ń yí kiri ojú ọ̀run láti fi polówó ọjà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí a fi ìbòrí sí iná kí ó lè dojú kọlẹ̀. Ìlú náà kò di ìlú òkùnkùn. Àwọn ènìyàn ṣì ń rìn níbẹ̀ lálẹ́, wọ́n sì ń rí ìràwọ̀.

Ní ti àwọn awòràwọ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ tètè lọ sílé máa ń kéde kí ó tó ṣí ọkọ̀ rẹ̀, kí àwọn tó kù lè kọ́kọ́ di ojú wọn.