Ìkíni Kan Lóru: Ẹ̀rí Mi

Èmi tí ẹ ń wò yìí, ó yẹ kí ẹbí mi ti ta ilẹ̀ láti fi rà mí padà, tàbí kí wọ́n máa wá òkú mi kiri. Olúwa ló ni ògo ẹ̀rí yìí. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn tí ó rán, mi ò sì ní fi ọpẹ́ wọn pamọ́: ẹgbẹ́ ọdẹ ilẹ̀ Òkun ni.

Ọdún 2021 ni, ọdún tí àwọn agbébọn fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbbà lóru ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án, tí ẹlẹ́wọ̀n 240 sì sá lọ. Àyà gbogbo wa ń já. Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo ń bọ̀ wálé láti Ọmùò-Èkìtì, ilẹ̀ ti ń ṣú. A dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, tí ọkọ̀ ń rọra rá, ni ìbọn bá dún. Dẹ́rẹ́bà bẹ́ sílẹ̀, gbogbo wa fọ́n ká. Mo já wọ inú igbó, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù lẹ́sẹ̀ mi. Mo há ara mi sábẹ́ àpáta kan. Mò ń gbọ́ ohùn wọn, mò ń rí tọ́ọ̀ṣì wọn lára igi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni àdúrà mi lóru ọjọ́ náà: "Olúwa, bò mí."

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo tún gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀. Mo di ojú. Ohùn kan wá rọra sọ pé, "Òkun o. Òkun o."

Ẹ̀yin tí kì í ṣe ará ilẹ̀ wa, ẹ jẹ́ kó yé yín. Àwa ará Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀, bí a ṣe ń kíra wa nìyẹn. Òun la fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, òun la fi ń bá ẹni tí ìyà ń jẹ kẹ́dùn, òun náà ló di orúkọ gbogbo wa. Ajínigbé kì í kí èèyàn ní òkun. Mo bú sẹ́kún, mo sì jáde.

Ọdẹ mẹ́rin ni wọ́n. Mẹ́ta gbé ṣakabùlà. Èyí tó dàgbà jù, ọrun ló mú lọ́wọ́, ó gbé apó ọfà kọ́ èjìká.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo gbé ìrẹsì àti ewúrẹ́ lọ kí bàbá náà nílé, mo sì bi í ní ìdí tó fi mú ọrun. Ó ní, "Ìbọn máa ń pariwo. Ẹni tó ń wá ẹni tó sá pamọ́ kì í pariwo." Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Igi rẹ̀ ti dúdú, ibi tí wọ́n ń dì mú ti ń dán bíi dígí, awọ ni ọ̀ṣán rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ gé ìwọ̀ sí etí ọfà rẹ̀ méjèèjì kó má baà ṣeé fà yọ. Mo fa ọ̀ṣán yẹn títí, kò dé àyà mi. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ni ọrun náà.

Ó ní láyé àtijọ́ oníkálukú ọdẹ ló ń dá lọ sígbó tirẹ̀. Ogun Tápà ló sọ wọ́n di ẹgbẹ́. Láti ayé Masaba, ọba Bídà tó wàjà ní 1873, ni àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ti ń bá wa jà. Wọ́n ń rí ìbọn àti ẹ̀tù gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò orí odò Ọya. Tiwa kò tó nǹkan. Ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbà dé orí èèyàn: nígbà tí owó ẹyọ tán nílé, ọmọ ni wọ́n ń mú. Àwọn baba wa gun orí òkè lọ, nítorí ẹṣin kì í gun àpáta. Àwọn ọlọ́fà ń pín òru ṣọ́, wọ́n ń fi oró ìsá kun ẹnu ọfà, wọ́n sì ń ta á láti ẹ̀yìn òkúta. Ní àwọn ọdún 1890, Ògìdì ní Ìjùmú kó àwọn ìlú mìíràn jọ, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí Bídà. (Àwa àti Tápà ti di àna lónìí, mi ò sọ ọ́ láti dájà sílẹ̀.)

Oṣù kìíní 1897 ni Goldie, òyìnbó tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ Royal Niger Company, kó ọmọ ogun ilé iṣẹ́ náà láti Lọ́kọ́ja dé Kàbbà, wọ́n bá a pé àwọn ọmọ ogun Tápà ti kúrò níbẹ̀. Ó kéde pé agbára Bídà lórí wa ti dópin, ó sì ṣẹ́gun Bídà fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ 26 àti 27 oṣù yẹn. Goldie àti àgbá rẹ̀ ni ìwé ń yìn. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá kù nílẹ̀ tí Goldie ì bá bá, bí kò bá sí àwọn tó ń fi ọfà ṣọ́ orí àpáta? Irú àpáta bẹ́ẹ̀ ló bò mí mọ́lẹ̀, ọmọ-ọmọ irú wọn ló sì wá mi rí.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, àwọn ọdẹ wa òde òní ṣì ń fi owó ara wọn ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin ọmọ Òkun nílé lóko, ẹ rà á fún wọn, ẹ ra bàtà òjò kún un. Ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ bá ṣì gbé ọrun sórí àjà, kó lọ jókòó tì í lọ́sẹ̀ yìí, kó kọ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣọ́de sílẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́ mi. Àwọn ọdẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò wà níbẹ̀. Ẹ wá bá mi kí wọn.