Ta Ló Ni Òṣùwọ̀n Àwọ̀?

Onírẹsì ní ọjà Sábó, yálà ti Ọ̀yọ́ ni tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, kì í fojú díwọ̀n ọjà fún oníbàárà. Kóńgò ló ń lò. Àwọn Mùsùlùmí inú ọjà náà, Hausa àti Yorùbá, mọ̀ pé ègbé fún ẹni tó ń dín òṣùwọ̀n kù ni Súrà 83 nínú Àlùkùránì fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ yẹn kan àwọ̀? Bí ẹni tó ń tẹ fọ́tò bá gbé àwọ̀ tí kì í ṣe ti oníbàárà lé e lọ́wọ́, ṣé òun náà dín òṣùwọ̀n kù?

Ká mú ìyàwó tó ró ẹtù, aṣọ òkè aláró tó ń jẹ́ orúkọ ẹyẹ ẹtù. Ọ̀pọ̀ ojú kọ̀ǹpútà ló máa ń ti inú páálí jáde pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù, tí funfun rẹ̀ sì ń fà sí búlúù, bí aṣọ tí búlúù ìfọṣọ pọ̀ jù lára rẹ̀. Ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ á wá máa yọ búlúù kúrò lára fọ́tò tí kò ṣẹ̀. Nígbà tí pépà bá jáde, aró ti pòórá lára ẹtù, ó ti dà bí aṣọ tó ṣá.

Ojú kò lè jẹ́rìí sí àwọ̀, torí ojú tètè ń bá ohun tó ń wò mọ́ra. Lábẹ́ gílóòbù tó pọ́n rúsúrúsú, kò ní pẹ́ tí pépà á tún fi funfun lójú ẹni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń gbé lé ojú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà á máa fi àwọ̀ hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á máa ka ìmọ́lẹ̀ wọn. Ibi tí àwọ̀ bá ti yẹ̀, wọ́n á tún un ṣe. Kóńgò àwọ̀ tí wọ́n ń lò jù lójú kọ̀ǹpútà ni òṣùwọ̀n tó ń jẹ́ sRGB, tí HP àti Microsoft gbé kalẹ̀ ní 1996. Funfun rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 6500 Kelvin, èyí tó súnmọ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọ̀ mẹ́ta péré ni Yorùbá mọ̀: funfun, pupa, dúdú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn lè rí ni Yorùbá fi ń ṣe ẹlẹ́rìí àwọ̀: ó pọ́n bí epo, ó dúdú bí kóró iṣin. Òṣùwọ̀n nìyẹn náà, kò sì sí nínú ojú ẹnìkan.

Ṣùgbọ́n ta ló ń yan ẹlẹ́rìí? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin òyìnbó ló wà lórí káàdì Kodak tí wọ́n ń pè ní Shirley, èyí tí àwọn ilé ìfọfọ́tò fi ń tún àwọ̀ ṣe. Bí ara tirẹ̀ bá ti dára, iṣẹ́ parí. Adúmáadán tó bá bá òyìnbó dúró nínú fọ́tò kan náà á ṣókùnkùn, eyín àti ẹyinjú rẹ̀ nìkan ni yóò hàn. Òṣùwọ̀n wà lóòótọ́, ara ẹnìkan ni wọ́n gé e mọ́. Ó di 2022 kí Google tó gbé òṣùwọ̀n àwọ̀ ara onípele mẹ́wàá jáde, èyí tí Ellis Monk, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, ṣe.

Nítorí náà, kò tó kí ẹ̀rọ péye. Ẹni tó sọ adúmáadán di pupa láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ẹ́ ti dín òṣùwọ̀n kù, inú oníbàárà ìbáà dùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ fọ́tò ní Sábó, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó tẹ gbogbo fọ́tò, ẹ mú pépà tí ẹ fi dán an wò àti gèlè oníbàárà bọ́ síta, kí ẹ wò wọ́n pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán.