Egbò Jinná, Ìrora Kò Lọ

Ìbéèrè kan li a fẹ́ kí àwa àti ẹ̀yin òǹkàwé jùmọ̀ gbé yẹ̀wò: bí egbò aláìsàn bá ti jinná, tí ó sì ń kérora síbẹ̀, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a gbà á gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ọ̀ràn ti rí. Egungun ìhà 12 li ó wà ní apá kọ̀ọ̀kan àyà wa, iṣan ìmọ̀lára kan a sì máa gba abẹ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn kọjá. Oníṣègùn tí ó bá fẹ́ dé ibi ẹ̀dọ̀fóró a máa la àárín ìhà méjì, a sì fi irin yà wọ́n. Níbẹ̀ ni iṣan náà ti lè fara pa. Awọ a jinná, ṣùgbọ́n iṣan lè máa ro ní fún oṣù tàbí ọdún púpọ̀. Òmíràn a wí pé ó ń jó òun bí iná. Òmíràn, pé aṣọ lásán kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀. Ní 1944, àwọn oníṣègùn ológun Amẹ́ríkà ti kíyèsí i lára àwọn ọmọ-ogun tí a la àyà wọn.

Ẹnìkan lè wí pé, “Àwọn mìíràn a máa díbọ́n kí wọ́n má baà ṣiṣẹ́.” A kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé àṣìṣe méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Bí a bá gba ẹni tí ń díbọ́n gbọ́, iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ li a pàdánù. Bí a bá pe olóòótọ́ ní òpùrọ́, a ti dá egbò kejì sí i lára, èyí tí oògùn kò lè wò. Ìrora kò ní ẹlẹ́rìí mìíràn bí kò ṣe ẹni tí ń jẹ ẹ́. Bí a bá lé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo náà jáde, báwo li a ó ti ṣe ìdájọ́ òdodo?

Síbẹ̀, gbígbà á gbọ́ kì í ṣe kí a fi í sílẹ̀ lórí ẹní. Ẹni tí kò gbé apá nítorí ìrora, èjìká rẹ̀ a gan. Kí a mú un padà tọ oníṣègùn lọ, nítorí oògùn wà fún irú ìrora iṣan bẹ́ẹ̀. Kí a sì ràn án lọ́wọ́ láti máa na apá náà díẹ̀díẹ̀.

Àwọn baba wa ní, ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Nítorí náà, olùkọ́ tí ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ bá ti ọ̀dọ̀ oníṣègùn dé, kí ó má ṣe wo àpá nìkan. Kí ó bi í léèrè, kí ó sì fetí sí ìdáhùn rẹ̀.