Iṣẹ́ àti Èso Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Inú Yoga

Àwọn òrìṣà ilẹ̀ Íńdíà kì í ṣe àlejò pátápátá ní etíkun wa. Ó ti pẹ́ tí àwòrán wọn, tí a fi àwọ̀ mèremère tẹ̀ sórí bébà, ti dé Benin àti Togo, tí àwọn olùsìn Mami Wata sì gbé wọn kọ́ sí ojúbọ wọn. Lóde òní, ìdárayá tí à ń pè ní yoga náà ti dé, Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé sì ń fi ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ṣe àyájọ́ rẹ̀ láti ọdún 2015. Àwòrán dé, ìdárayá dé. Ṣùgbọ́n èrò tó wà lẹ́yìn wọn kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa. Apá kan nínú èrò náà ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí ó kan gbogbo ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá oúnjẹ. Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí ènìyàn ṣiṣẹ́ láìso ọkàn rẹ̀ mọ́ èrè iṣẹ́ náà? Bí ó bá sì ṣeé ṣe, ta ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn?

Inú ìwé Bhagavad Gita ni ẹ̀kọ́ yìí ti hàn jù. Ìwé náà jẹ́ apá kan nínú ìtàn ńlá tí àwọn ará Íńdíà ń pè ní Mahabharata. Orí 18 ni ó ní, ẹsẹ rẹ̀ sì tó nǹkan bí 700. Arjuna, jagunjagun olókìkí, dúró nínú kẹ̀kẹ́ ogun rẹ̀ ní pápá Kurukshetra, láàárín ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì. Ó wo iwájú, ó rí àwọn ìbátan rẹ̀ àti olùkọ́ tó kọ́ ọ ní ọfà títa. Ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ọrun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Krishna, òrìṣà tó gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀, tó sì ń darí ẹṣin rẹ̀, ni ó dá a lóhùn. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó bá a sọ, mẹ́ta ni a mú: pé iṣẹ́ ni ó wà ní ìkáwọ́ ènìyàn, èso iṣẹ́ kò sí níbẹ̀, pé kí ó má ṣe jẹ́ nítorí èso ni ènìyàn yóò ṣe máa ṣiṣẹ́, àti pé kí ó má tìtorí èyí ya ọ̀lẹ. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń pè ní karma yoga, ìyẹn yoga ti iṣẹ́.

Àwa tí òwe wa sọ pé ohun tí a bá gbìn ni a ó ká, ẹ̀kọ́ yìí lè ṣe wá ní kàyéfì. Ta ni í gbin àgbàdo láìronú ìkórè? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àgbẹ̀ kan ní agbègbè Kétu. Oko ríro, irúgbìn yíyàn, àkókò tí yóò gbìn, gbogbo èyí wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Òjò kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iye tí wọn yóò ra àgbàdo lọ́jà kò sí níbẹ̀. Gita kò sọ pé kí ó má fẹ́ ìkórè. Ohun tó ń sọ ni pé kí ó má fi ọkàn rẹ̀ ṣe ẹrú ohun tí kò lè pàṣẹ fún. Bákan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò BAC. Bí ó bá ṣí ìwé, tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ èsì, lórí ìtìjú bí ó bá kùnà àti ìyìn bí ó bá yege, ojú rẹ̀ yóò kọjá lórí ìwé láìrí ohun tó wà níbẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbé ọkàn lé ìṣirò kan ṣoṣo tó wà níwájú rẹ̀ ni ó ń ṣe karma yoga, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ náà rí.

Ewu mìíràn tún wà. Ẹni tó bá fẹ́ràn èso ju iṣẹ́ lọ kì í pẹ́ wá ọ̀nà tí yóò fi jẹ èso láìṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wo ìwé ẹlòmíràn nínú ìdánwò. Ibẹ̀ ni ọlọ́jà ti ń lu ìdí agolo wọnú kí òṣùwọ̀n lè kéré. Nítorí náà ni Patanjali, ẹni tí a gbà pé ó kọ Yoga Sutra, ṣe fi ìwà ṣáájú nígbà tó to ọ̀nà yoga sí ìpele mẹ́jọ. Ìjókòó àti ìdúró ara tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, ìpele kẹta ni wọ́n wà. Ní ìpele kìíní, òfin márùn-ún ni ó wà: àìpanilára, òtítọ́, àìjalè, ìkóra-ẹni-níjàánu, àti àìkó ohun ayé jọ pẹ̀lú ojúkòkòrò. Kò yẹ kí èyí ya ẹni tó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé ìwà lẹ̀sìn lẹ́nu.

Mohandas Gandhi fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀. Nígbà tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó kọ́kọ́ ka Gita, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, ó tú u sí Gujarati, èdè abínibí rẹ̀, ó sì pe ìtumọ̀ náà ní yoga ti àìso ọkàn mọ́ nǹkan. Ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1930 ni ó jáde. Ọjọ́ náà gan-an ni Gandhi gbéra pẹ̀lú àwọn ọmọlẹ́yìn 78, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí kìlómítà 385 dé Dandi létí òkun, láti bu iyọ̀ tí òfin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ará ìlú bù fúnra wọn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin, ó bu iyọ̀ náà. Kí ni èso rẹ̀? Ní oṣù karùn-ún, wọ́n ti jù ú sẹ́wọ̀n. Òfin iyọ̀ kò kúrò lọ́dún náà. Òmìnira kò sì dé títí di 1947. Ẹni tó bá ń fi èso ọdún kan wọn iṣẹ́ rẹ̀ ì bá ti padà sílé. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ wa ní èdè Yorùbá lónìí, ó yẹ kí a rántí èyí.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀kọ́ yìí mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Ní Íńdíà kan náà, B. R. Ambedkar, tí a bí ní 1891 sínú ìran àwọn tí wọ́n ń sọ pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, wo Gita, kò sì yìn ín. Ìwé yẹn kan náà sọ pé ojúṣe ti ẹni, bí a kò tilẹ̀ ṣe é pé, sàn ju ojúṣe ẹlòmíràn lọ. Lẹ́nu àwọn tó wà lókè, ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí wọ́n fi ń sọ fún agbálẹ̀ pé kí ó máa gbálẹ̀ lọ, kí ọmọ rẹ̀ náà máa gbálẹ̀, kí wọ́n má sì béèrè ohunkóhun. Ní 1936, Ambedkar tẹ ìwé kan jáde tó pè fún píparun ètò ìran náà. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó kọ òfin ìpilẹ̀ Íńdíà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1956, ní Nagpur, òun àti ogunlọ́gọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ẹ̀sìn Híńdù sílẹ̀, wọ́n sì gba ti Buddha.

Èrò tiwa ni pé ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde ni ó ń sọ ọ́ di òótọ́ tàbí èké. Bí òṣìṣẹ́ bá sọ fún ọkàn ara rẹ̀ pé, “Ṣe é dáadáa, èrè kò sí ní ìkáwọ́ rẹ,” ó ń dá ara rẹ̀ sílẹ̀ ni. Bí ọ̀gá tó jẹ ẹ́ lówó oṣù bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún un, ó ń jà á lólè ni, nítorí ìkáwọ́ ọ̀gá ni èrè náà wà. Owó òṣìṣẹ́ kì í ṣe èso fún ọ̀gá. Sísan án jẹ́ ara iṣẹ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ tí a mú láti abúlé wá bá ìbátan gbé ní ìlú ńlá, tó ń kiri ọjà láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tí a sì ń sọ fún pé ọjọ́ iwájú ni yóò rí èrè. Àwọn baba wa sọ pé ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ. Ẹ kíyè sí i pé Krishna kò jókòó sábẹ́ ìbòòji nígbà tó ń kọ́ Arjuna: ìjánu ẹṣin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní orí kẹta ìwé náà, ó sọ pé kò sí ohun tí òun tún ń wá ní ayé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ òun kò ṣíwọ́ iṣẹ́.

Nítorí náà, kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa. Bí a bá ń ṣe é lọ́wọ́, kí ọkàn wa wà níbẹ̀. Bí èsì bá dé, ìbáà dùn, ìbáà korò, kí a gbà á, kí a sì wo iṣẹ́ tó kàn. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá ti ṣiṣẹ́ fún wa, kí a má ṣe wàásù fún un pé kí ó má fẹ́ èrè. Kí a ka owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.