Bí Mọ́tò Bá Kọlura, Ta Ni Ó Jẹ̀bi?



Ìbáà jẹ́ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Sábẹ, bí mọ́tò bá gbá ọ̀kadà tí a ń pè ní zémidjan, kí a tó ṣẹ́jú, èrò ti pé lé wọn lórí. Kò tíì sí ẹni tó béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, wọ́n ti dá ẹjọ́ tán: onímọ́tò ló jẹ̀bi, torí tirẹ̀ ló tóbi. Ẹni tó wà nílẹ̀ ni àánú rẹ̀ ń ṣe wá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àánú yàtọ̀ sí ìdájọ́. Àánú ní kí a gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìdájọ́ ní kí a kọ́kọ́ wádìí.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé òfin ọ̀nà, àdéhùn ni. Nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, ọwọ́ ọ̀tún ni àwa ń gbà, ọwọ́ òsì sì ni àwọn ará Nàìjíríà ń gbà, títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí àwọn náà yí padà. Nígbà náà, ẹni tó bá gba Ìdí-Ìrókò kọjá ní láti pààrọ̀ ọwọ́. Ohun tó jẹ́ ìgbọràn lọ́hùn-ún, ẹ̀ṣẹ̀ ni níhìn-ín. Ọwọ́ ọ̀tún kò mọ́ ju ọwọ́ òsì lọ. Ohun tó sọ ọ́ di ọ̀ranyàn ni pé olúkúlùkù wa ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹni tó bá gba ọwọ́ ọlọ́wọ́, kì í ṣe ìjọba nìkan ló ṣẹ̀; ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé e ló dà.

Èkejì, ẹ̀bi lè ti bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ wo Ẹ́kísódù 21, ẹsẹ 35 àti 36. Bí màlúù ẹnìkan bá pa ti ẹnìkejì, kí wọ́n ta èyí tó wà láàyè, kí wọ́n pín owó rẹ̀, kí wọ́n sì pín òkú náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí olówó màlúù bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó máa ń kàn, tí kò sì so ó, òun nìkan ni yóò san án. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé: kí lo ti mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀? Awakọ̀ tó mọ̀ pé bíréèkì òun kò mú mọ́ ńkọ́? Ọlọ́kọ̀ tó ń gba owó rẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò jẹ́ yọ owó táyà ńkọ́? Èrò ọkọ̀ tó ń pariwo pé, “Sáré, ilẹ̀ ti ṣú!” ńkọ́? Àwọn wọ̀nyí lè má sí níbi tí irin ti kan irin, síbẹ̀ ọwọ́ wọn wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀bi ṣeé pín. Ìwé kan wà tí ilé àsùránsì máa ń fún onímọ́tò. Àwọn méjèèjì tó kọlura ni yóò jọ kọ ọ́: wọn á ya àwòrán ọ̀nà náà, wọn á sàmì sí ibi tí ọkọ̀ ti fara gbá, wọn á sì fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí yìí kò wí pé “èmi ni mo jẹ̀bi”, ó wí pé “bó ṣe rí nìyí.” Ọgbọ́n ńlá ni. Àwọn baba wa ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí wọ́n bá pín ìdajì ẹ̀bi fún má ṣe fi ìdajì ẹnìkejì bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ló wúwo jù. Àwọn kan á ní Ògún ni. Àwa aláṣọ funfun á ní ọwọ́ ayé ni. A kò sọ pé ọ̀tá kò sí. Ṣùgbọ́n bí a bá ké “ayé ni!” kí a tó wo bíréèkì, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: ìyá arúgbó kan tó jókòó jẹ́ẹ́ sílé, tí kò gun mọ́tò rí, ni wọn yóò nawọ́ sí. Ẹ̀bi irin ti di ti ìyá oníyàá, bíréèkì burúkú náà á sì tún jáde lọ́la láti pa ẹlòmíràn. Àdúrà kì í ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Nítorí náà, ará, bí ẹ bá bá jàǹbá lọ́nà, ẹ gbé ẹni tó fara pa ná. Ẹ má lu ẹnikẹ́ni. Ohun tí ojú yín rí nìkan ni kí ẹ sọ, ẹ má fi ti ẹ̀gbẹ́ kún un. Ẹni tí ọ̀rọ̀ sì kàn, kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ti mọ̀ kó tó kúrò nílé.

Kí Olúwa fún wa ní ojú tó ń rí òótọ́, àti ẹnu tó lè sọ ọ́. Àmín.